Ọjọ́ tí Búrẹ́dì Láhájà Ṣìnà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìtàn Láhájà, ìlú kékeré tó fara ti ìlú ńlá Sàlé bí ọmọ tó fara ti ẹ̀yìn ìyá, kí ó má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀dọ̀ Búṣáyíbù, ẹni tó ni ààrò búrẹ́dì gbogbo ìlú, ni kí ó lọ. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti fi ń yan búrẹ́dì tí àwọn obìnrin ń pò nílé, tí wọ́n ń gbé wá lórí pátákó pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ń tẹ̀ sójú búrẹ́dì tirẹ̀: ẹlòmíràn ẹnu ife, ẹlòmíràn eyín fọ́ọ̀kì. Bí àmì bá yí padà, Búṣáyíbù mọ̀ pé ìyàwó tuntun ti wọlé. Bí búrẹ́dì bá dín kan, ọmọ kan ti wọkọ̀ lọ sí Faransé. Bí ó bá fi mẹ́ta lé sí i, àna ti dé, kò sì tíì sọ ọjọ́ tí yóò lọ.

Àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá rélùwéè ló tẹ ìlú náà dó. Wọ́n mọ ààrò kí wọ́n tó kọ́ ilé, nítorí ebi kì í dúró de òrùlé. Bàbá Búṣáyíbù ló kọ́kọ́ dáná sí i.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Láhájà ń múra ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún, Àlàájì Tihámì, alága ìgbìmọ̀ ayẹyẹ, kọ ìtàn mìíràn sínú ìwé ìlú: ó ní ilé bàbá òun ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún pàṣẹ pé kí wọ́n wó ààrò lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n fi ọgbà òdòdó rọ́pò rẹ̀.

“Àlàájì, níbo ni kí àwọn ènìyàn ti máa yan búrẹ́dì?” ni Búṣáyíbù béèrè.

“Búṣáyíbù, ayé ti lajú. Ọdún mẹ́wàá rèé tí búrẹ́dì eléèéfín yìí ti wọ ilé mi gbẹ̀yìn. Sítóòfù onígáàsì ni ìyàwó mi ń lò. Wá tọ́ ọ wò, wàá mọ̀ pé búrẹ́dì ju búrẹ́dì lọ.”

Búṣáyíbù wo ilẹ̀, kí ẹ̀rín má baà pa á. Ìyá Máhjúbà, opó tó múlé ti Àlàájì, ń dá gbé ni, eyín mẹ́rin péré ló sì kù lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, búrẹ́dì mẹ́sàn-án ló ń gbé wá láràárọ̀. Mẹ́jọ nínú wọn, tó ní ihò mẹ́ta lójú, ń gba orí ògiri ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná Lálà Zúhúrù, ìyàwó Àlàájì. Ìkòkò lásán ni Zúhúrù ń kó sínú sítóòfù. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ nìkan ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ṣẹlẹ̀: búrẹ́dì ti ẹnu ààrò ṣìlé lọ. Aṣọ bo pátákó kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó ṣí i wò títí ó fi délé. Búrẹ́dì ìmáámù wọ ilé onígbàjámọ̀, ti onígbàjámọ̀ wọ ilé olùkọ́. Àlàájì ti mọ́sáláṣí dé, ó jókòó, ó gé búrẹ́dì ọkà báálì líle kan jẹ.

“Zúhúrù! Kí ni mò ń jẹ yìí?”

“Ẹ má bínú, Àlàájì, tiwa ló ṣèèṣì lọ sílé onílé.”

“Búrẹ́dì tó wà nínú sítóòfù mi? Ẹsẹ̀ wo ló fi rìn?”

Ó gbé búrẹ́dì náà, ó di ìta. Àwọn tí wọn kò kí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bá ara wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ara wọn kiri, oníkálukú pẹ̀lú búrẹ́dì ẹlòmíràn lọ́wọ́. Gbogbo wọn wá rọ́ lọ sẹ́nu ààrò.

“Búṣáyíbù, kí ló ṣe ọ́?” ni Àlàájì fi igbe ta.

“Ogbó ni, Àlàájì. Bóyá ìdí tí ẹ fi fẹ́ wó wa nìyẹn, èmi àti ààrò. Ẹ ṣáà sọ àmì búrẹ́dì yín, kí n bá yín wá a.”

Àlàájì ń yí búrẹ́dì líle ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ohùn kékeré kan ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá: “Ihò mẹ́ta ni.” Lálà Zúhúrù ti tẹ̀lé e dé.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọdún mẹ́wàá.”

“Ògiri yẹn sì ga fún arúgbó o, Àlàájì,” ni Ìyá Máhjúbà wí. “Kí ìgbìmọ̀ yín kúkú la ilẹ̀kùn sí i.”

Ẹ̀rín sọ. Búṣáyíbù rí oníhò mẹ́ta kan lọ́wọ́ olùkọ́, ó gbé e lé Àlàájì lọ́wọ́. Ó ṣì gbóná. Àlàájì bù ú jẹ, ó tún bù ú jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Ta ló ní kí ẹ wó ààrò?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Mo ní kí ẹ gbin òdòdó yí i ká ni! Ẹ kì í gbọ́ràn nílùú yìí.”

Lọ́jọ́ Ajé, òdòdó ni wọ́n gbé wá. Ogbó tó mú Búṣáyíbù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn kò sì padà wá mọ́. Nínú ìwé ìlú, ààrò ló ṣíwájú báyìí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Àlàájì kọ ọ́ sí pé bàbá òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ búrẹ́dì gbígbóná ní Láhájà.