Páálí Ìwọ̀n Ọwọ́ Rẹ̀

Kò-Gbọdọ̀-Kùn kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn olórin tó ń gbé gìtá wá sílé rẹ̀ fún àtúnṣe ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé bí wọ́n bá ní kó tètè ṣe é kí àwọn máa lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde: "Kò gbọdọ̀ kùn." Ọrùn gìtá oníná ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀, bí okùn bá sì sún mọ́ irin wọ̀nyẹn jù, gìtá náà á máa kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ẹlòmíì á ní ìyẹn ò burú, pé nínú ariwo ìlù, ta ni yóò gbọ́? Ọkùnrin yìí á gbọ́. Ó lè wà ní ilé ìwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú kó gbọ́ ọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń kan gìtá, tó ń tún un ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, kò sì sí gìtá kan tó kùn jáde lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Yàrá náà ò tóbi. Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé, ayùn àti ìfági wà lórí rẹ̀, àti irin tó fi ń jó wáyà pọ̀, àti àwọn òòfà kéékèèké tó fi wáyà bàbà wé, tó ń gbọ́ ohùn okùn tó sì ń gbé e lọ fún sípíkà. Òórùn fáníìṣì ti wọ aṣọ fèrèsé débi pé ọṣẹ ò ràn án mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ béèrè ni àwọn páálí tó so rọ̀ lára ògiri, lórí ìṣó wẹ́wẹ́. Páálí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n, ó gé wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Bí ó bá fẹ́ mọ bí okùn gìtá kan ṣe ga tó, yóò máa ti páálí bọ abẹ́ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí àyè ò fi ní sí mọ́. Iye páálí tó bá wọlé ni ìwọ̀n ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ọwọ́ líle máa ń fẹ́ okùn tó ga, ọwọ́ ẹlẹ́gẹ́ máa ń fẹ́ èyí tó wálẹ̀. Á fi òwú di páálí oníkálukú pọ̀, á fi kọ́ ìṣó tirẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ti ẹnìkan dàrú mọ́ ti ẹlòmíì.

Páálí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Nínú gbogbo ọkùnrin tó ń gbé gìtá wọ ilé yẹn, tàwọn ti irùngbọ̀n àti apá líle wọn, kò sí èyí tí tirẹ̀ ju mẹ́ta lọ.

Ilẹ̀kùn ni ọkùnrin yìí ń kàn nígbà tí wọ́n pàdé. Tíṣà orin ni obìnrin náà ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ó sì ń bá ẹgbẹ́ olórin ta gìtá lópin ọ̀sẹ̀. Ọrùn gìtá rẹ̀ ló kán, ló bá gbé e yà sí ìsọ̀ káfíńtà tó kọ́kọ́ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tún un ṣe."

"Àǹtí, ilẹ̀kùn ni mò ń kàn."

"Ṣé igi kọ́ nìyí ni?"

Káfíńtà wò ó. Igi ni lóòótọ́. Ó fi gúlù dè é, ó fi ìṣó kún un, gìtá náà sì ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Ojú tì í. Ó tọ obìnrin náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti bẹ̀ ẹ́, ó tún un ṣe níbẹ̀, ó tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì láti wò ó bóyá ó ṣì dára, ó tún lọ lọ́sẹ̀ kẹta. Àwọn tíṣà yòókù ti mọ̀ pé kì í ṣe gìtá ló ń tún ṣe mọ́ kí àwọn méjèèjì tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra tán, ó fi àjẹkù igi ilẹ̀kùn kan gìtá odindi fún un. Nǹkan náà wúwo kọjá sísọ. Ìyàwó gbé e kọ́ ọrùn, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Káfíńtà mi, ṣé kí n ta eléyìí ni, àbí kí n fi ti ilẹ̀kùn?"

Ìkẹrin tó kàn ló wá dára. Pupa fòò ni, igi rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ní kókó kan lẹ́yìn tí obìnrin náà máa ń fi àtàǹpàkò pa bó bá ń ronú. Gìtá yẹn ló ń ta títí dópin. Ọkọ ní tirẹ̀ kò mọ̀ ọ́n ta rárá. Ìka rẹ̀ gbọ́n lára igi, ó gọ̀ lórí okùn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti ilé ìdáná ni ìyàwó ti máa ń pariwo bá a níṣẹ́: "Okùn kejì ti wálẹ̀!" Kò ní tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ á ti rí i pé òótọ́ ni. Irú etí yẹn ò wọ́pọ̀, ọkùnrin náà sì fi ń yangàn láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ dẹ̀. Obìnrin náà ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé gìtá rẹ̀ sórí tábìlì.

"Káfíńtà mi, ẹ bá mi wò ó. Okùn rẹ̀ ti ga jù."

Ó ti páálí bọ abẹ́ okùn. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Mẹ́rin gérégé, bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí wá. Ó gbójú sókè. Ìyàwó ń wo ojú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún ìka kékeré yẹn bí ẹni tó fẹ́ jí i lójú oorun.

"Òótọ́ lo sọ," ló wí. "Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Ojú ọjọ́ ló fà á."

"Mo kúkú mọ̀ pé ojú ọjọ́ ni."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ kékeré tó fi ń yí ìjókòó okùn, ó yí i wálẹ̀, ó yọ páálí kan kúrò nínú mẹ́rin. Kò lè sọ ọ́ nù. Ó jù ú sínú agolo ìpara kan tó ti tán, ó dé e.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni dókítà sọ ohun tó jẹ́. Iṣan ni. Láti ìka ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gun apá, á kọjá sí èjìká, bó bá sì dé àyà, èémí ló máa mú. Kò sí oògùn tó ń dá a padà. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wálé. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó ní, "Ojú ọjọ́ yìí mà le o." Ọkọ bú sẹ́rìn-ín, ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, ó dojú bo tábìlì, ó sunkún títí gbogbo ìyẹ̀fun igi fi lẹ̀ mọ́ ọn lójú.

À ń wo àìsàn ni, a kò rí ti ikú ṣe. Ọkùnrin náà mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń lé: kí ìyàwó rẹ̀ lè máa ta gìtá títí di ọjọ́ ìkẹyìn, kó má sì gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ọwọ́ òun ti ń ba orin jẹ́. Ó pààrọ̀ okùn sí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó fi sáńdípépà ha ẹ̀yìn ọrùn gìtá títí ó fi tín-ínrín bí ọwọ́ ọmọdé. Páálí di méjì. Ó di ọ̀kan. Bí ìyàwó bá ti gbé gìtá wá, ọkọ á ní "Ojú ọjọ́," ìyàwó á ní "Ojú ọjọ́ náà ni," agolo ìpara á sì gba páálí kan sí i.

Lábẹ́ páálí kan ṣoṣo, kò sí ibi tí ènìyàn tún ń lọ. Bí okùn bá kọjá ibẹ̀, irin ni yóò máa fi ara gbá, gìtá á kùn. Kò sí ọgbọ́n tó lè yẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i ní Sátidé, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun fẹ́ ta gìtá fún wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ ló gbìyànjú rẹ̀ lórí àga. Ọkọ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà: ìka ń tẹ okùn, okùn ò wálẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Kò pe ọkọ. Ó kàn gbé gìtá náà kalẹ̀ rọra, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọkùnrin náà gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó jókòó tì í pẹ́ tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ má bi mí ohun tó ń rò. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún lé nǹkan kan jáde nílé rẹ̀, ó wá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Páálí kẹrin wọ agolo.

Ní Sátidé ó yí ojú sípíkà sí ògiri, ó sì fi ìrọ̀rí dí i lẹ́nu bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe sọ̀rọ̀ ilé síta. Kò ràn án. Obìnrin náà ta orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń falẹ̀, gìtá náà sì kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ náà ń wo ara wọn. Ọ̀kan tó gbọ́n nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù bá gbè é. Ìyàwó gbé gìtá sórí itan, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ohùn rẹ̀ mọ́ lónìí," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Kò kùn rárá."

Ọkọ kó ife sórí àwo, ó sáré lọ sí ilé ìdáná. Ó dúró síbi tí obìnrin náà ti máa ń dúró pariwo pé okùn kejì ti wálẹ̀. Etí náà ti lọ. Àìsàn yìí ò mú ọwọ́ nìkan, ó ti mú irú etí bẹ́ẹ̀ lọ, òun tó ni ín ò tilẹ̀ mọ̀. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ló rí gbà, àmọ́ ó dùn ún ju ti ọwọ́ lọ.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí obìnrin náà kú. Ní òwúrọ̀ ni, òjò ń rọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni níbi tó jìnnà. Ó wá sin ìyá rẹ̀, ó sì dúró ti bàbá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá ló kọ́ ọ ní gìtá ní kékeré. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gbé gìtá pupa náà kúrò lára ògiri, ó so ó mọ́ sípíkà, ó fọwọ́ kàn án. Ó kùn. Bàbá wọlé tòun ti sáńdípépà lọ́wọ́.

"Dádì, páálí mélòó ló wà lábẹ́ okùn yìí?"

"Kò sí."

"Kò sí kankan?"

Bàbá lọ gbé agolo ìpara wá, ó ṣí i, ó da páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó sọ ti ojú ọjọ́, ó sọ ti kọ́kọ́rọ́, ó sọ ti ìrọ̀rí. "Ọpẹ́ mi kò ju pé kò gbọ́ ọ," ló wí. "Etí ìyá rẹ ti lọ nígbà yẹn."

Ọmọ rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn.

"Ta ló sọ fún yín pé Mọ́mì ò gbọ́?"

"Òun náà ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Dádì, àwọn ọmọ yẹn ò tíì délé tí Mọ́mì ti pè mí. Wọ́n ní, 'Gìtá mi kùn lónìí bí ilé oyin. Bàbá rẹ tiẹ̀ fi ìrọ̀rí dí sípíkà lẹ́nu.' Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n wá ní, 'Kò jẹ́ kí ti ẹnikẹ́ni kùn rí. Èmi nìkan ló gbà fún. Má sọ fún un pé mo gbọ́ o, á dùn ún jù.'"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Nínú ilé yìí, ọjọ́ kìn-ín-ní ni òtítọ́ ti bá irọ́. Ó kàn ń bá a rìn lọ ni, kò fọhùn. Bàbá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun igi, omijé ń bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀.

"Etí rẹ̀ ò lọ," ló wí. Ó tún un sọ. "Etí rẹ̀ ò lọ."

Nígbà tó ṣe, ọmọ rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kékeré lórí tábìlì, ó nà án sí i. "Ẹ jẹ́ ká dá páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà síbẹ̀, Dádì. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́."

Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wò ó, ó sì fi í sínú agolo ìpara, ó kó páálí lé e lórí, ó dé e.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Máa ta á."

Orin Sátidé yẹn náà ni ọmọ náà ń ta nígbà tí oníbàárà kan dé láti wá gba gìtá tirẹ̀. Ó ti ń wá sí ẹ̀yìn ilé náà láti bí ọgbọ̀n ọdún, ó mọ òfin ilé náà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó ń pariwo.

"Kò-Gbọdọ̀-Kùn! Àbí ẹ ò sí nílé ni? Gìtá kan mà ń kùn níbí o!"

"Mo wà ńlé," ni bàbá náà dá a lóhùn láti ilẹ̀ tó jókòó sí. "Mò ń gbọ́ ọ."