Ìwọ Lo Ṣí Fèrèsé Yẹn

Ní abúlé Podu Gâștei, bí òtútù bá ti ń yọ́ kẹ́lẹ́ dé, gbogbo ìyálé ilé á gbé òwú àti bébà jáde. Òwú ni wọ́n á kì bọ àárín fèrèsé, wọ́n á wá fi ọṣẹ lẹ bébà gbọọrọ mọ́ etí rẹ̀ yíká, ó di ọdún Àjíǹde kí wọ́n tó ya á. Wọn ò bẹ̀rù ìkookò, wọn ò bẹ̀rù ọlọ́pàá. Àmọ́ kí atẹ́gùn gba ojú fèrèsé wọlé kó gba ẹnu ọ̀nà jáde? Yéè! Ọrùn ń dun èèyàn, atẹ́gùn ni. Eyín ń ro ó, atẹ́gùn ni. Bí ọmọ bá kú, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ohun tó pa á.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ẹnu ń kùn sí tó Agripina, obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé abúlé náà. Pina ni wọ́n ń pè é lójú rẹ̀. Bó bá ti kọjá tán, ó di Pina Alátẹ́gùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò sì sí omi tó ṣan án kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Fevronia, ìyá rẹ̀, da ṣùkù àgbàdo sínú ààrò bíríkì tó wà láàárín ilé, ó dáná, ilé gbóná. Ó fẹ́ lọ fún wàrà màlúù lóko ìjọba. Ẹyín iná ṣì ń pọ́n nígbà tó ti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà èéfín, kí ooru má bàa sá jáde tán kó tó dé. Nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ló ṣe é, gbogbo ìyá tó wà lábúlé náà ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Liuba, ọmọ ọdún mẹ́fà, sùn sórí pèpéle ààrò níbi tó gbóná jù. Pina dùbúlẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé. Ológoṣẹ́ kan bà síta, àánú rẹ̀ ṣe Pina, ló bá ya bébà, ó ṣí fèrèsé díẹ̀, ó ju èérún búrẹ́dì sí i, kò sì tì í padà dáadáa. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó bì, oorun gbé e lọ. Nígbà tí ìyá wọn dé, Liuba ò jí mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi eré dé. Fevronia wo fèrèsé, ó wo ọmọ tó kù.

"Pina, ìwọ lo ṣí fèrèsé yẹn."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Abúlé ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri.

Ìyá ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fi Pina ṣaya ní òun ò lè fi owó òun ra atẹ́gùn wọlé. Èyí tó padà fẹ́ ẹ lọ ṣiṣẹ́ ní Moscow, ó gbàgbé ọ̀nà ilé. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá arúgbó á fa ìborùn mọ́ ọrùn. Ṣé ẹ rò pé ó ń tẹ orí ba kiri? Láéláé! Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ń pè lólè kì í gbé ọmọ ewúrẹ́ jó. Pina gbé e jó. Bí wọ́n bá fa ìborùn, á rìn gba ẹ̀yìn wọn, á fẹ́ ẹnu fùú sí wọn lọ́rùn.

"Ẹ mọ́ra yín o, ẹ̀yin ìyá wa! Mo ti dé!"

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ni ẹnu rẹ̀ ti máa ń rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń lọ ro mamaliga alágbàdo fún un, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú wàràkàṣì, wọ́n á sọ̀rọ̀ adìyẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò. Wọn ò jẹ́ dárúkọ Liuba.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé ilé ìkàwé, àwọn ọmọ rọ́ wá síbẹ̀. Ìdajì wọn ni bàbá àti ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Ítálì, àwọn ìyá àgbà ló ń tọ́ wọn. Otilia, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kí wọ́n lọ ka ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé nípa ewu inú ilé. Otilia ń ka ìbéèrè inú rẹ̀ sókè, Pina ń to ìwé sórí pẹpẹ.

"Àǹtí Pina, ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ o, ìgbà òtútù ni. Orí ń fọ́ ẹ, èébì ń gbé ẹ, oorun ń kùn ẹ́, ààrò sì ń jó nínú ilé. Kí ló ṣe ẹ́?"

"Atẹ́gùn ni," Pina dáhùn, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Òdo lẹ gbà!" Otilia pàtẹ́wọ́. "Májèlé inú èéfín ni. Kì í rùn, ojú ò sì lè rí i. Wọ́n ní bí èèyàn bá dí ọ̀nà èéfín nígbà tí ẹyín iná ṣì ń pọ́n, inú ilé ló máa kún. Ẹlòmíì tó bá pa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ á máa pọ́n bí ẹni tó wà láàyè. Wọ́n ní kéèyàn yáa ṣí fèrèsé, kó sá jáde, kó pe àwọn adóòlà ẹ̀mí."

"Tún un kà."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Mo ní tún un kà!"

Otilia tún un kà. Pina jáde láìwọ kóòtù, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ó ta òkìtì igi ìdáná nípàá débi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó. Inú ń bí i, inú ń bí i gan-an ni! Fèrèsé yẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Fèrèsé yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n gbé pósí méjì jáde lọ́jọ́ náà. Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n fi pè é ní apààyàn nítorí ohun tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là! Ó ti fẹ́ máa sáré lọ sí ojú títì láti kígbe ẹ̀ fún gbogbo wọn. Ìgbà náà ló wá rántí pé bí kì í bá ṣe fèrèsé, irin èéfín ni. Ọwọ́ tó sì ti irin náà ṣì wà ní ìparí títì yẹn, ó ń ju àgbàdo fún adìyẹ. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún. Ta ló máa sọ irú ẹ̀ fún un? Pina jókòó sórí igi. Ó ní òun ò ní sọ ọ́. Kí wọ́n máa pe òun ní Alátẹ́gùn títí wọ́n á fi sin òun. Àmọ́ ọmọ mìíràn ò ní kú ikú Liuba ní Podu Gâștei mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.

Lòun àti àwọn ọmọ náà bá dá ojú ìwé tiwọn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní irú ọ̀rọ̀ tí abúlé ń sọ. Bí ajá bá bù ẹ́ jẹ, ohun tó o máa ṣe rèé. Bí àgbàlagbà tó ò mọ̀ rí bá ní kó o fi fọ́tò ara ẹ ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́, wá sọ fún wa. Bí nǹkan oṣù bá kọ́kọ́ bá ẹ, tí ìyá ẹ wà ní Ítálì, tí ojú sì ń tì ẹ́ láti sọ fún ìyá àgbà, ka ibí. Apá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ tó bá fẹ́ ti lè forúkọ sílẹ̀ láti máa la igi, kó máa pọn omi, fún àwọn arúgbó tó ń dá gbé, láìgba kọ́bọ̀. Ilé Fevronia bọ́ sọ́wọ́ Otilia. Abúlé yìn wọ́n, wọ́n ń fún wọn ní èso àti àkàrà oníwàràkàṣì.

Ìgbà tó kan fídíò ààrò ni ilé dàrú. Otilia dúró níwájú ààrò ilé wọn, ó kọjú sí fóònù. "Má ti irin èéfín bí ẹyín bá ṣì ń pọ́n. Fi fèrèsé sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Bí Màmá àgbà bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹni tó ń bínú ṣì ń mí."

Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó kan, Eudochia, fi já wọ ilé ìkàwé.

"Pina! Dìde ńbẹ̀ yẹn!"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Eudochia. Ẹ la ẹnu díẹ̀díẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa kó sí i."

"Ìyá tó bí ẹ ni kó o lọ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́! Ọmọ ọmọ mi ti ya gbogbo bébà fèrèsé mi. Mo ní kó tì í, ó ní òun fẹ́ máa mí. Èmi tí mo tọ́ ìyá ẹ̀ dàgbà, ṣé kì í mí ni?"

"Ọpẹ́ ni tó bá ń mí."

"O pa àbúrò ẹ, kò tó ẹ. Ó wá ku àwọn ọmọ tiwa!"

Èsì wà lẹ́nu Pina, ó gbóná janjan. Ó gbé e mì. Ó tún ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tò, ó sì ní kí ìyá arúgbó máa rọra lọ.

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ghenadie, alága abúlé. Ilé ìkàwé yẹn kan náà ni Pina ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà.

"Àǹtí Pina, ẹ jọ̀ọ́. Fídíò kan péré lẹ máa yọ. Kí ìyókù wà níbẹ̀."

"Mi ò yọ ọ́."

"Wọ́n ní ṣe lẹ fẹ́ fi fọ ara yín mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn. Ẹ fún mi ní ìdí kan tí mo lè fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Pina ní, "Ìdí tó wà nínú fídíò nìyẹn."

"Kò tó wọn." Ghenadie họ orí. "Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bẹ́ ẹ ò bá yọ ọ́, màá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé lọ́wọ́ yín. Ẹ má bínú sí mi."

Bí kọ́kọ́rọ́ bá lọ, kọ̀ǹpútà lọ, àwọn ọmọ fọ́n ká, ojú ìwé wọn di ahoro. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á sílẹ̀, ìyẹn bí Liuba ṣe kú gan-an. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sì máa fọ́ ìyá rẹ̀ yángá.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, wọ́n ti fi bébà lẹ gbogbo fèrèsé pa, òórùn ááyù àti awọ àgùntàn gba ibẹ̀ kan. Àyà Pina já nígbà tó rí ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀, tí Otilia dì í lápá. Ọdún mélòó kan rèé tí Fevronia ò ti wá sípàdé. Wọ́n fi í jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

Ghenadie ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Pina fi ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Òun rèé. Mi ò yọ nǹkan kan. Ẹ gba ilé, mo ní fóònù. Bẹ́ ẹ bá gba fóònù, ẹnu mi ṣì wà. Iwájú ilé ẹ̀kọ́ ni màá ti máa kígbe ẹ̀ láràárọ̀, ẹ wá dì mí lẹ́nu tẹ́ ẹ bá tó bẹ́ẹ̀!"

Ariwo sọ. Eudochia dìde, ó na ìka.

"Ojú ò tì ọ́! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ṣí fèrèsé, tí atẹ́gùn fi pa Liuba? Fevronia ló jókòó yìí. Bí mo bá parọ́, kó wí!"

"Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀!" Pina kígbe. "Èmi ni mo ṣí i. Ó tán. Ẹ jẹ́ kó parí sórí mi."

Fevronia ti dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó fi èékánná tú etí bébà fèrèsé, ó sì fà á ya látòkè délẹ̀. Ó ń fa òwú jáde, ó ń jù ú sílẹ̀. Otilia fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ta ọwọ́ rẹ̀ dànù. Nígbà tí fèrèsé ṣí, òtútù rọ́ wọlé, gbogbo ìyá arúgbó fa ìborùn mọ́ ọrùn.

"Ọmọ yìí fi fídíò hàn mí lọ́jọ́ tó gbé igi wá," ló wí. "Kò mọ ohun tó ń fi hàn mí. Mo ní kó tún fi hàn mí. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni mo máa ń ní kó tún fi hàn mí." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Liuba pọ́n. Ọwọ́ yìí ló ti irin èéfín. Òun ló tì í."

Nígbà tó yá, Eudochia sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe tìjà mọ́.

"Fevronia, tì í báyìí, jọ̀ọ́. Òtútù á mú ẹ."

"Ẹni tó bá sún mọ́ fèrèsé yìí, màá fi ọ̀pá là á lórí."

Ghenadie fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ padà síwájú Pina. Pina ò mú un. Ó ti ń la àárín èrò kọjá lọ bá ìyá rẹ̀. Fevronia wo fèrèsé, ó wo ọmọ tó kù.

"Pina, ìwọ lo ṣí fèrèsé yẹn," ló wí. "Òun ni mo fi ní ẹ lónìí."

Pina, tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹkún rẹ̀ rí ní Podu Gâștei, sunkún lójú gbogbo wọn, kò sì fi ọwọ́ bojú.