Epo Ìkórè Ìyá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ bá mi nílé ọkọ mi ní Ajue, ọdún tí mo ṣe ìyàwó débẹ̀. Epo dì gbagidi nínú garawa, ètè mi sì ń bó. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí ní Ore nígbà náà, ọmọ Ìbàdàn, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Ìyá ọkọ mi kò bá mi jà rí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkálẹ̀ ló wù ú kí ọmọ rẹ̀ fẹ́. Èdè Ìkálẹ̀ ló ń bá gbogbo ilé sọ. Tó bá kàn mí, á yí i sí Yorùbá inú Bíbélì, á ní, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀," bí ẹni ń kí àlejò. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé epo tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jáde. Ọdọọdún ló ń gbé epo lọ síwájú pẹpẹ, kò sì sí ti ẹnikẹ́ni tó pupa tó tirẹ̀. Oòrùn kò tíì yọ, ló bá bù ú sí ìkòkò, ó gbé e kaná kó lè yọ́, ká dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun.

Kí ilé má baà dákẹ́, ó bi mí pé kí ni mo tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn. Mo ní àyípadà méjì ló wà. "Ẹ wo epo yìí, Mà. Ó dì, ó ń yọ́, tó bá dalẹ́ á tún dì. Ìrísí rẹ̀ nìkan ló ń yí padà, epo náà ni. Ṣùgbọ́n igi ìdáná yìí, tó bá ti di eérú, kò lè padà di igi mọ́. Ó ti di nǹkan mìíràn."

Ó ní iyọ̀ inú omi ńkọ́. Mo ní tàkọ́kọ́ ni, tómi bá gbẹ tán, iyọ̀ á kù. Ó ní ẹ̀gẹ́ tó kan ńkọ́. Mo ní ti èkejì nìyẹn. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ńkọ́. Orí kòkó la wà tí èéfín fi bò wá lójú.

Ìgbà tí a máa wo ìkòkò, epo ti mọ́ gaara bí òróró, kò sí pupa kankan nínú rẹ̀ mọ́. Epo tí gbogbo ìjọ ń retí lọ́la nìyẹn. Ìyá wo ìkòkò, ó wò mí.

"Ìyàwó," ó ní, ní Ìkálẹ̀, "èwo wá lèyí nínú méjèèjì?"

"Ti èkejì ni, Mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí n lọ bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Epo náà la fi dín ìpékeré, ìpékeré náà ló sì gbé síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún ìjọ pé òun àti ìyàwó òun ló jọ dín in.

Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Tí ọyẹ́ bá dé, èmi ló ń gbé epo sóòrùn. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò bá mi sọ Yorùbá inú Bíbélì mọ́, kódà tó bá ń bínú sí mi, ó sì mọ bí a ṣe ń bínú. Ti èkejì nìyẹn náà.