Ìkòkò Tí Sagbo Mọ fún Deborah

Ọjọ́ tí Sagbo sọ ìkòkò lórúkọ ni ará ìlú Apa kò lè gbàgbé láé. Ó ní ìkòkò tí òun mọ ti sùn nínú eérú fún ọjọ́ mẹ́jọ, ọmọ tuntun nìyẹn. Ó pe àdúgbò jọ, ó gbé oyin àti omi kalẹ̀, ó sọ ọ́ ní Kòníífọ́. Ó bu omi òkun sí i, ó gbé e kaná. Kò pẹ́ tí a gbọ́ gbàù! Eérú bo agbádá funfun Àlàájì Mukhtar, ọ̀kan nínú àwọn àlejò, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Sagbo ṣa àpáàdì kan nílẹ̀, ó gbé e sókè.

“Ṣé ẹ rí i? Ó fọ́ lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ ò rí i jẹ!”

Nítorí Deborah ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà. Iyọ̀ ni Deborah ń sè láti inú omi òkun. Bó bá fi agbada irin sè é, iyọ̀ á jẹ agbada náà lu, ìpẹtà á sì ba ọjà jẹ́. Bó bá fi ìkòkò amọ̀ sè é, iná á là á, iṣẹ́ òòjọ́ á dà sínú ààrò. Sagbo, tó ń jó irin mọ́ra lójú títì Seme, wá búra pé Deborah ò ní sunkún nídìí ààrò mọ́ níṣojú òun.

Ó máa ń yọ́ irin pọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, á lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ amọ̀, á sì sun ún. Ó ní ohun tó ń jáde kì í ṣe irin mọ́, kì í ṣe alumíníọ̀mù mọ́. Ó ní òun Sagbo ni alárinà tó so wọ́n pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó.

“Ta wá ni amọ̀?” Túnjí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í.

“Ilé tí wọ́n ń gbé ni.”

Ilé ọ̀hún kò yé wó. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i kú àdánù, ìjà ló dé. “Àdánù kẹ̀? Ìkòkò ń kọ́ mi níṣẹ́, ẹ̀ ń kí mi kú àdánù!”

Orí àìsàn ni Sagbo wà nígbà tí Deborah gbé ìkòkò tó mọ kẹ́yìn kaná. Ó hó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò là, kò jò. Iyọ̀ inú rẹ̀ funfun báláú. Deborah sáré bu díẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Sagbo tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

“Iyọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló dágbére fáyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Daniel àbúrò rẹ̀ gbé òòlù dé. Àtẹ́lẹwọ́ ni Sagbo fi ń wọn nǹkan, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe pò ó.

“Ìyàwó wa, etí ìkòkò yìí lásán ni mo fẹ́ kán, kí n wo inú ẹ̀, ká lè mọ òmíràn.”

“Ọkọ mi, gbogbo èyí tó ní kò ní fọ́ ló fọ́. Ọ̀kan ṣoṣo wá kọ̀, kò fọ́, ẹ̀yin lẹ fẹ́ fọ́ ọ?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Daniel pàápàá gbé òòlù sílẹ̀.

“Kí ló tiẹ̀ pò mọ́ amọ̀ ẹ̀?”

“Àwọn abọ́ alumíníọ̀mù ìgbéyàwó mi ni. Ó rò pé mi ò mọ ẹni tó ń kó wọn.” Deborah fi etí aṣọ nu ojú. “Kẹ́tùlù mi ṣì kù ńlé. Ká ní ó lè padà wá ni, kó wá gbé e.”