Ìṣẹ́jú Méjì Bàbá Alàgbà

Yúrò mẹ́rin àti ọgọ́rin sẹ́ǹtì ni wọ́n ń ta ife kọfí kan báyìí níbi tí mo ti ń ta iṣu rí ní Lichtenberg, ní Berlin. Ife náà kò ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Hamburg, ẹ ní wọ́n fẹ́ sọ ilé ìkẹ́rù yín létí èbúté di ilé iṣẹ́ ọnà, ẹ sì ní kí n sọ bí tiwa ṣe lọ. Kò pẹ́ tí kòrónà fi wá sílẹ̀ ni.

Wáyà iná ni wọ́n ń ṣe nílé náà nígbà kan. Iṣẹ́ kú, ẹyẹlé jogún ilé. Àwa la lé ẹyẹlé jáde: oníṣòwò gba ìsàlẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun gba òkè. Nígbà tó yá, àwọn ayàwòrán dé. A fún wọn ní jọ́lọ́ọ̀fù, a yá wọn ní àkàbà, akọrin ìjọ sì kọrin lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn. Èrò ń wọ́ wá. Onílé rí i, ó ní iṣẹ́ ọnà ni yóò jí àdúgbò tó ti kú yìí, kí oníṣòwò àti ìjọ máa lọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

A jà. A gbé páálí yí ilé ká nínú òjò. Àwọn ayàwòrán ló kọ ọ́ fún wa, ó dùn-ún wò jù. Obìnrin kan bi mí pé èló ni tèmi. Mo ní ìwọ́de là ń ṣe. Ó ní ó mà ṣe o, àwọ̀ rẹ̀ ì bá bá àga òun mu.

Ni Rathaus, ilé ìjọba ìlú, bá pe ará àdúgbò pé kí wọ́n wá nawọ́: ṣé ká dúró ni, àbí ká lọ? Ẹnì kan ni yóò sọ̀rọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjì péré. Tọ́pẹ́ ọmọ mi, tí wọ́n bí síbẹ̀, ní, "Mama, ich kann das." Òun lè ṣe é.

Mo ní, "Níbi tí Bàbá Alàgbà jókòó sí? Ìwọ máa túmọ̀."

Bàbá, olórí ìjọ wa, dìde, ó tún aṣọ ṣe. "Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú òtútù." Tọ́pẹ́ túmọ̀. Bàbá béèrè àlàáfíà ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tọ́pẹ́ túmọ̀. Ó kí onílé pẹ̀lú, ó ní ilé á tura.

Mo fa aṣọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ inú ọ̀rọ̀."

"Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé ewúrẹ́ ni wá, tá a ó kàn já wọlé onílé?" Ó kọjú sí wọn. "Ohun tó gbé wa wá..."

Alága lu agogo. Ó ní òun kò gbọ́ ìkíni tó dùn tó báyìí rí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n nawọ́ pé ká lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Tọ́pẹ́ ní ṣebí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Mo ní ìyẹn ni ká fi ṣe òrùlé. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò kíni kú àbọ̀ pàdánù ẹ kú ilé. Àwa kí tán, ilé gan-an la pàdánù.

Kí la jèrè? Àwọn ayàwòrán ṣì ń kí mi. Owó ilé ti lé àwọn náà jáde. Ìjọ túká, èmi wá ń ta iṣu lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ní St. Georg, ní Hamburg níbí. Gbèsè tó kù ni gbólóhùn Bàbá tí ìlú kò jẹ́ kó parí. Bí tiyín bá dé Rathaus, ẹ kí ara yín tán nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo yà sí ilé wa àtijọ́ ní Berlin. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, wọ́n gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù mi kọ́ ògiri, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Mo ń rí i láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì dá mi dúró. Mo ní èmi ni Ìyá Tọ́pẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa, ó ní inú òun dùn láti mọ̀ mí.

Mo san yúrò mẹ́jọ.