Ọjọ́ Mẹ́rin tí Mo Ná Dé Méjì

Bí o bá dàgbà sí Mile 12 bí èmi, etí rẹ kò ní gba iye àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè fún ọ. Ìbáà jẹ́ apẹ̀rẹ̀ ata rodo, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá tó ń tún bàtà ṣe, wàá kọ́kọ́ lanu, wàá ní "Háà!", wàá sì dá a sí ìdajì. Kì í ṣe ahun. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá ná ọjà rárá, ẹni tó ń tà á gan-an á máa fura sí i. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta ata níbẹ̀, mo sì ti ná oríṣiríṣi nǹkan, àmọ́ n kò mọ̀ pé màá ná òkè lọ́jọ́ kan.

Ọmọbìnrin mi ló fà á. Magodo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń gun òkè kiri. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo bi í pé kí ló sọnù sórí òkè tó ń wá a lọ. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá ló wá jókòó sí pálọ̀ wa ní Kétu, ó ní, "Mọ́mì, mo ti ṣètò ẹ̀. Ẹ̀yin àti Dádì máa lọ sùn lórí òkè Dádì."

Òkè Dádì ni a máa ń pè é nínú ilé. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kó ata àti tòmátò láti òkè ọya wá sí Mile 12, ibẹ̀ náà la sì ti pàdé, torí ẹrù ìyá mi wà lára ohun tó ń gbé. Lójú ọ̀nà tó máa ń gbà, òkè ńlá kan wà tí ìjọba dá igbó rẹ̀ sí, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko tàbí dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Láàárọ̀ tó bá ń kọjá, ìkùukùu á ti wé orí òkè náà bíi láwàní. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé lọ́jọ́ kan, òun máa sùn lókè yẹn, òun á jí, òun á sì wo ọ̀nà náà láti òkè. Kò dúró níbẹ̀ rí. Tòmátò kì í dúró de èèyàn.

Èmi náà kì í dúró. Bí mo bá ti ṣírò rẹ̀ pé ó yẹ kó ti máa dé ìdí òkè yẹn, mo ti pè é nìyẹn. "Dádì, ẹ ti dé ibo?" Bí kò bá tíì dé ibi tí mo rò, màá pariwo pé ata mi ti ń rọ̀. Ó máa ń sọ pé fóònù òun kò mọ ìbéèrè mìíràn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, èyí tó fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ dáadáa. Dókítà ní kó máa rìn, àmọ́ kó má wakọ̀ mọ́. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọ̀gá tó ni ọkọ̀, ó sì wálé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé àga sí iwájú ilé, tí yóò kọjú sí títì. Bí tírélà bá ń lọ sí Mile 12, á gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe é láìwò ó. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí àwọn ọkùnrin mélòó kan ládùúgbò wa tí wọ́n jókòó síwájú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọn kò dìde mọ́. Àmọ́ nígbà tí ọmọ wa dárúkọ òkè yẹn, ọkọ mi yíjú kúrò lójú fèrèsé, ó ní, "Ìgbà wo?" Ìbéèrè yẹn nìkan ló jẹ́ kí n gbà láti lọ.

Ọmọ mi kọ ohun tí a máa gbé sínú ìwé kan: aṣọ òtútù, bàtà, tọ́ọ̀ṣì, omi. Mo kà á, mo sì ká a sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi tí mo ti di ẹrù fún awakọ̀ láti ìgbà èwe mi, mo mọ̀ pé ọ̀nà kì í sọ bó ṣe máa gùn tó fúnni. Mo di gàrí, ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, kúlíkúlí, ṣúgà, ata díndín sínú ike ńlá méjì, àti sítóòfù kékeré kan.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ ni?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Òun náà kò gbà kí a gba ojú títì lọ nítorí àwọn ajínigbé, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún wa. Ìyẹn dun ọkọ mi díẹ̀. Ó ní wọ́n wá ń gbé òun fò kọjá lórí ọ̀nà ara òun bí ẹrù.

Àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà la dé ẹnu geètì ọgbà igbó náà. Ọkùnrin tó máa mú wa gòkè ti ń dúró dè wá. Á tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, sálúbàtà rọ́bà ló sì wọ̀, bí ẹni tó kàn fẹ́ yà sí mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìnkùlé. Haúsá ló ń sọ. Èmi gbọ́ Haúsá ti ọjà. Ọkọ mi gbọ́ ọ bí ọmọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó kò sí níbẹ̀, ọmọ wa ti parí ìyẹn. Ọjọ́ tí a máa lò ló kù. Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó ní ọjọ́ mẹ́rin: méjì ní gígòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, méjì ní sísọ̀kalẹ̀.

Ẹrù mi ń wọ Mile 12 lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò mi obìnrin ló sì wà nídìí ìsọ̀. N kò gbà pé ó mọ ata yàn. Kí n tó ronú kan èkejì, ẹnu mi ti là.

"Mẹ́rin kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká fi méjì ṣe é."

"Hájíyà, òkè yìí ga o."

"Mo rí i. Méjì."

"Mẹ́ta ńkọ́?"

Mo ṣe ohun tí a máa ń ṣe. Mo gbé báàgì mi, mo kẹ́yìn sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi mọ́tò tó gbé wa wá. N kò tíì gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tó fi pè mí padà. "Tó, Hájíyà. Méjì." Inú mi dùn. Mo wo ojú ọkọ mi bóyá ó máa yìn mí, àmọ́ ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

A gbéra. Igbó ni ìsàlẹ̀ òkè náà, igi rẹ̀ nípọn, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, odò kékeré kan sì ń bá wa rìn ní ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ọ̀bọ wà lókè igi tí wọ́n ń bú wa. Mo ti gbàgbé pé ibì kan wà láyé tí èèyàn ti lè gbọ́ mímí ara rẹ̀. Ní Kétu, bí kò bá sí ariwo, ohun tí a máa ń rò ni pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ọkọ mi ń tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á lọ, á dúró de òsì, òsì á dé. Mo sọ fún un pé kó sinmi.

"Jíà kìíní ni mo wà yìí," ó ní. "Ẹ kàn má fọn fèrè fún mi. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi."

Ó tún sọ fún ọkùnrin náà lédè Haúsá pé tírélà tó kún kì í sáré lórí òkè, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Láàárín wákàtí kan yẹn, ọ̀rọ̀ tó sọ ju èyí tó sọ fún mi láti oṣù kan lọ. Ó sọ nípa àwọn ibi tí táyà ti bẹ́ fún un, àti obìnrin kan tó máa ń ta kókó, ògì gbígbóná àwọn Haúsá, ní ìdí òkè náà tó jẹ́ pé láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti ń rà á. Mo ń gbọ́, mo sì ń dúpẹ́ nínú mi. Fóònù mi kò ní nẹ́tíwọ̀kì mọ́ láti ọ̀sán.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a jáde sí pápá kan tó tẹ́jú, tí koríko rẹ̀ dé orúnkún. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ tutù gan-an. Ọkùnrin náà pàgọ́ fún wa, ó dáná, ó gbé omi tíì kaná. Ó wá sọ, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, pé tí ilẹ̀ bá mọ́ tí a bá ti jẹun, a ó máa sọ̀kalẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀ báwo? Orí òkè ńkọ́?"

Ó nàka sókè. Orí òkè náà jìnnà lókè wa, ìkùukùu ti bò ó. "Ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ ní, Hájíyà, ibí ló mọ."

Ojú tì mí. Èmi tó yẹ kí n mọ̀ ju gbogbo ayé lọ! Bí oníbàárà bá ná ata mi kọjá ààlà, ṣebí màá gbà fún un, màá rẹ́rìn-ín sí i, màá sì wọ̀n ọ́n fún un pẹ̀lú páànù kékeré. Á máa yọ̀ lọ sílé. Wọ́n ti fi páànù kékeré wọn òkè fún mi, èmi náà sì yọ̀.

Mo lọ bá ọkọ mi lẹ́nu àgọ́. "Dádì, ẹ gbọ́ Haúsá jù mí lọ. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ méjì kò lè gbé wa dókè."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá dákẹ́?"

Ó po tíì rẹ̀. Kò bínú. "Ìwọ lò ń nájà. Ìgbà wo ni mo dá sí i rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó pariwo mọ́ mi lọ. Òkè tí ọkọ mi ti fẹ́ gùn láti ọgbọ̀n ọdún, èmi ni mo tún fẹ́ fà á kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ata. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń fà á látijọ́, láti orí fóònù.

Lẹ́yìn tí a kírun Àsùbáà, mo rí i tó dúró sínú koríko, tó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, tó kọjú sí òkè náà. Bó ṣe máa ń kọjú sí títì ní Kétu gan-an nìyẹn. Mo lọ bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń ká ẹní rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rin tẹ́ ẹ pè lánàá," mo ní, "mo gbà á bẹ́ẹ̀."

N kò padà síbi iye àkọ́kọ́ rí láyé mi. Ọkùnrin náà wò mí bóyá mo ń ṣàwàdà. Ó ní oúnjẹ ọjọ́ méjì lòun gbé. Mo ṣí báàgì mi. Ó rí gàrí, ó rí ìrẹsì, ó rí ike ata méjèèjì, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọkọ mi ti gbọ́. "Ẹrù ẹ tó ń bọ̀ ní Jímọ̀ ńkọ́?"

"Àbúrò mi wà níbẹ̀."

"Ṣebí o ní kò mọ ata yàn?"

"Kó yan èyí tó bá mọ̀."

Ọjọ́ yẹn le fún un. Igbó ti tán, òkúta àti koríko ló kù, a sì ń dúró lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀ mélòó kan. Níbi tó ga jù, ọkùnrin náà dì í lápá kan, èmi dì í lápá kejì. A dé orí òkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú ìkùukùu la sì dé sí. A kò rí nǹkan kan ju ara wa lọ. Ó rẹ̀ wá, a jẹ gàrí àti ẹja, a wọ gbogbo aṣọ tí a gbé, a sì sùn.

Nígbà tí mo jí, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo jáde. Oòrùn ti yọ, ìkùukùu ti lọ sísàlẹ̀, ó ń ya díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi wà lórí àpáta kan tó ń wo ìsàlẹ̀. Mo lọ dúró tì í. Ọ̀nà náà wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí okùn tí a fi ń di ẹnu apẹ̀rẹ̀, tírélà kan sì wà lórí rẹ̀ tí kò jọ pé ó ń rìn rárá.

"Wo ibi tó wọ́ yẹn," ó ní. "Ibẹ̀ ni fóònù mi ti máa ń dún."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó má bínú sí mi, fún gbogbo ìgbà yẹn.

"Bi mí," ó ní.

"Kí ni kí n bi yín?"

"Ohun tó o máa ń bi mí."

Mo mọ ohun tó ń sọ.

"Dádì, ẹ ti dé ibo?"

Ó fi ìdí balẹ̀ lórí àpáta náà, ó sì na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú.

"Mo ti dé," ó ní.