Ọwọ́ Tó Ń Kọ Orúkọ Sára Dìgírì

Kò sẹ́ni tó gbé Okokomaiko ní nǹkan bí ọdún 1990 tí kò mọ Ìgè Àjàgbé. Òun ni atíìsì tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù àti ara mọ́tò láti Ìyànà Ìbà títí dé Ọ̀jọ́. Ìwé mẹ́fà péré ló kà ní Ìpókíá kó tó wá sí Èkó, ṣùgbọ́n tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà, ńṣe ni lẹ́tà náà á dúró ṣánṣán bíi sójà.

Torí ọwọ́ yẹn ni Dókítà Ògúndáre ṣe wá a wá. Ọkùnrin yìí gba ilé alájà méjì kan lẹ́yìn títì márosẹ̀, ó pè é ní yunifásítì, ó ní ìmọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì ni àwọn fi ń kọ́ni. Iṣẹ́ Ìgè ni kó máa fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ àwọn tó gba dìgírì sára ìwé-ẹ̀rí wọn. Kò pẹ́ tó fi ń rí orúkọ àwọn tó mọ̀: bàbá kan tó ń ta rédíò ní Alábà, kọngílá kan ní Ìbà, àwọn tí kò jókòó ní kíláàsì rí.

"Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ o," ni Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ máa ń wí.

"Èmi kọ́ ni mò ń ta dìgírì," ni Ìgè máa ń dá a lóhùn. "Orúkọ ni mò ń kọ ní tèmi."

Gàníyù wà lára àwọn tó kàwé ní tòótọ́. Akọ̀wé ni níléeṣẹ́ kan nítòsí Navy Town. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń ti ibi iṣẹ́ wá sí kíláàsì, á sì yà kí Ìgè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó rẹwà." Ìgè kọ tirẹ̀, ó sì rẹwà lóòótọ́. Gàníyù gbé e lọ wáṣẹ́ ní báǹkì kan. Àfi bí ìwé ìròyìn ṣe gbé e lọ́sẹ̀ yẹn gan-an pé wọ́n ń ta dìgírì ní yunifásítì wọn. Àwọn ará báǹkì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n fi kóbókò dá bátànì sí i lẹ́yìn, wọ́n sì yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ bí ọgbọ̀n ya wọ ilé náà tigi-tirin. Ògúndáre ti fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Wọ́n la igi mọ́ ọdẹ tó ń ṣọ́lé lórí, wọ́n rún fèrèsé wómúwómú, wọ́n wá bá Ìgè nínú yàrá kékeré tó ti ń kọ orúkọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, orí rẹ̀ ń gbá àtẹ̀gùn níkọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dé etí títì, ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú. Ó gbóòórùn pẹtiróòlù. Nígbà náà ló mọ̀ pé táyà ni wọ́n fi kọ́ òun lọ́rùn.

"Ẹ má sun ún!" Gàníyù ló figbe ta. Ó já táyà náà kúrò, ó kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń tà á?"

Ìgè ì bá purọ́. "Mo mọ̀," ló wí.

Gàníyù na ọwọ́ ọ̀tún Ìgè sórí kọnkéré gọ́tà, ó gbé búlọ́ọ̀kù, ó fi lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgè gbọ́ ìró egungun ara rẹ̀ kí ìrora tó dé.

Ìka méjì ni wọ́n gé ní ọsibítù. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan wá bi í pé ta ló ṣe é. Ìgè ní ẹ̀jẹ̀ ò jẹ́ kóun ríran. "Ṣùgbọ́n mo rántí gbogbo àwọn tó ra dìgírì. Ẹ máa kọ ọ́." Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ dé orí ìkẹrìnlá, ó dáwọ́ dúró. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ní tésàn ni. Ó fa ìwé náà ya, ó jáde.

Mojísọ́lá ló mú ìwé míì. "Ẹ tún un pè," ló wí. Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kọ, ó sì gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn. Lọ́jọ́ kẹta tó jáde, àwọn jàǹdùkú wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì fi ìgò gún Mojísọ́lá léjìká. Àwọn méje pàdánù iṣẹ́ nítorí orúkọ wọ̀nyẹn. Ògúndáre ní tirẹ̀, wọn ò rí i mú.

Gàníyù wá sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan. Mojísọ́lá gbá a létí, kò yẹra. Ìgè ò wò ó lójú. "Jókòó," ló wí, Gàníyù sì jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú.